Orúkọ Ta Ni Yóò Wà Lórí Iṣẹ́ Àjọṣe?

Ẹni tí ó wọ ọkọ̀ láti Kétu wá sí ọjà Ouando yóò sọ fún awakọ̀ pé Àjàṣẹ́ ni òun ń lọ. Ẹni tí ó jẹ́ Gùn yóò sọ pé Hogbonou ni. Porto-Novo ni ó wà lára pátákó ojú ọ̀nà, orúkọ tí àwọn Potogí fún ìlú náà ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ èbúté tuntun. Ìlú kan náà ni, ṣùgbọ́n orúkọ kọ̀ọ̀kan ń rántí àwọn kan, ó sì ń gbàgbé àwọn mìíràn.

Irú ọ̀rọ̀ yìí ti ń fa àríyànjiyàn láàrin àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà fún ọdún pípẹ́. Kọ̀ǹpútà, tí àwọn tí ó gbọ́ Faransé ń pè ní ordinateur, kò lè dá ṣe ohunkóhun. Àkójọpọ̀ àṣẹ kan wà nínú rẹ̀ tí ó ń sọ fún un bí yóò ṣe gba lẹ́tà tí a tẹ̀, bí yóò ṣe pa ìwé mọ́, bí yóò ṣe gbé àwòrán jáde. Ètò ìdarí ni. Windows jẹ́ ọ̀kan, títà ni wọ́n ń tà á. Òmíràn wà tí ẹnikẹ́ni lè gbà, tí ó sì lè tún ṣe. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè é ní Linux. Àwọn kan sì takú pé GNU/Linux ni orúkọ rẹ̀.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1983, Richard Stallman, ará Amẹ́ríkà kan, kéde pé òun yóò ṣe odidi ètò ìdarí tí gbogbo ènìyàn yóò lè lò, tí wọn yóò lè yẹ inú rẹ̀ wò, tí wọn yóò sì lè pín fún ẹlòmíràn. GNU ni ó sọ ọ́. Ní ọdún 1984 ó fi iṣẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì MIT sílẹ̀, kí yunifásítì náà má baà sọ pé òun ni ó ni ín. Òun àti àwọn tí ó dara pọ̀ mọ́ ọn ṣe é ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ó fi di ọdún 1991, ó kù díẹ̀ kí ó parí: kóró inú rẹ̀, apá tí ó ń bá ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀, ni kò tíì ṣe é lò. Ó dà bí ọkọ̀ tí a ti kan ara rẹ̀ tán, tí kò ní ẹ́ńjìnnì.

Ní ọdún yẹn gan-an ni Linus Torvalds, akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ ọdún mọ́kànlélógún ní ìlú Helsinki, kọ kóró kan. Freax ni ó fẹ́ pè é. Ẹni tí ó bá a fi iṣẹ́ náà sórí ẹ̀rọ tí àwọn ènìyàn yóò ti rí i gbà kò fẹ́ràn orúkọ yẹn, ó sì kọ linux sí i. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe jẹ́ pé ẹni tí ó bí ọmọ kọ́ ni ó sọ ọ́ lórúkọ! Wọ́n fi kóró náà pọ̀ mọ́ irinṣẹ́ GNU, ọkọ̀ gbéra, orúkọ ẹ́ńjìnnì sì di orúkọ gbogbo ọkọ̀.

Stallman ní kí wọ́n dá orúkọ àwọn tí ó ṣiṣẹ́ padà. Àwọn alátakò rẹ̀ ń fèsì pé Linux ti mọ́ aráyé lẹ́nu, ó sì kúrú. Bí a bá sì ní kí a ka gbogbo ẹni tí ó fọwọ́ sí iṣẹ́ náà, orúkọ kò ní tán. Èsì yìí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Síbẹ̀, kóró Linux wà nínú fóònù Android tí ó wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ọlọ́jà, bẹ́ẹ̀ ni irinṣẹ́ GNU kò sí níbẹ̀. Linux nìkan kò tó láti fi ìyàtọ̀ hàn. Àwọn tí ó ń ṣe Debian ti ń kọ GNU/Linux mọ́ orúkọ tiwọn láti ọdún 1994.

Kò yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí ṣe àjèjì sí ará Bénin. Títí di ọdún 1975, Dahomey ni orúkọ tí ọmọ Kétu, ọmọ Àjàṣẹ́ àti ọmọ Nikki jọ ń jẹ́, bẹ́ẹ̀ sì ni orúkọ ìjọba Abomey nìkan ni. Ogun ìjọba yẹn ni ó pa Kétu run ní ọdún 1886. Ní ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún 1975, ìjọba Mathieu Kérékou yí orúkọ orílẹ̀-èdè padà sí Bénin, láti ara orúkọ omi òkun tí ó wà níwájú rẹ̀. Orúkọ náà kò ṣàì ní àléébù, nítorí ìlú ńlá kan ní Nàìjíríà ti ń jẹ́ ẹ tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n apá kan kò tún gbé gbogbo ara mì mọ́.

Ohun tí Stallman ń jà fún ju ìyìn lọ. Ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n ń lò fún ọ̀fẹ́ àti fún òmìnira. Yorùbá kò da àwọn méjèèjì pọ̀. Ẹni tí ó bá gbọ́ Linux lásán lè mọ̀ pé ọ̀fẹ́ ni, kí ó má mọ̀ pé òun ní òmìnira láti ṣí inú rẹ̀, kí òun sì túmọ̀ gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sí Yorùbá láìtọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìwé àṣẹ kan tí wọ́n kọ ní ọdún 1989 ni ó fún un ní ẹ̀tọ́ yẹn. Torvalds pàápàá fi kóró tirẹ̀ sábẹ́ ìwé náà ní ọdún 1992. Orúkọ GNU ni ó wà lórí rẹ̀.