Kọ́bọ̀ Tí Ẹ̀rọ Ṣì Ṣe, Kọ́bọ̀ Tí Ènìyàn Bà Jẹ́

Ọ̀rọ̀ owó ẹyọ àtijọ́ la mú wá lọ́tẹ̀ yìí. Àwọn kan ń kiri láti Mápó dé Ọjà'ba, wọ́n ń ta ònínì, kọ́bọ̀ oníhò àti ṣílè. Wọ́n á ní, "Èyí yàtọ̀, ẹ̀rọ ló ṣì í ṣe, olówó á rà á lọ́wọ́ yín." Ẹnì kan nínú wa fi owó ata ra ọ̀kan, kò tíì rí ẹni gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Òótọ́ ni pé àṣìṣe ẹ̀rọ wà, àwọn tó ń kó owó àtijọ́ jọ sì máa ń sanwó lé e. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí wọ́n ti ń ṣe owó ẹyọ. Wọ́n á kọ́kọ́ gé irin pẹlẹbẹ. Tó bá jẹ́ oníhò, wọ́n á lu ihò rẹ̀, kí òǹtẹ̀ méjì tó tẹ̀ ẹ́ lókè àti nísàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹní tẹ ọṣẹ. Àṣìṣe tòótọ́, inú ilé-iṣẹ́ ló ti wọlé. Ohun tó bá dé bá a lẹ́yìn náà, ìbàjẹ́ ni, kò báà wu ojú.

Ẹ mú kọ́bọ̀ oníhò, tí a ná láyé òyìnbó, tí Nàìjíríà sì ṣe tirẹ̀ ní 1959, kí náírà tó dé ní 1973. Ihò rẹ̀ wà láàárín gan-an, etí ihò náà sì dán. Èyí tí kò níhò rárá, tàbí tí ihò rẹ̀ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó lè jẹ́ àṣìṣe tòótọ́. Àmọ́ wọ́n ń fi òjé dí ihò o! Ẹ fi abẹ́rẹ́ ha á: òjé rọ̀, àwọ̀ rẹ̀ ò sì bá ti bàbà mu.

Ṣílè tó níhò ńkọ́? Alágbẹ̀dẹ ló lu ìyẹn, kí wọ́n lè fi ṣe ẹ̀gbà ọrùn fún ọmọ. Ihò náà á gé lẹ́tà kọjá, etí rẹ̀ á máa ha ọwọ́. Àwọn ìyá wa ṣe é dáadáa, kò sí ẹ̀tàn níbẹ̀. Ẹni tó ń pè é ní àṣìṣe ẹ̀rọ ló ń tan yín.

Bí àwòrán bá yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ tí ibì kan ṣófo, ẹ wo lẹ́tà tó kù. Ti ẹ̀rọ á mú ṣáṣá. Ti òòlù á fẹ̀, á tẹ́. Lẹ́tà tó kọ sẹ́yìn tó sì jìn wọnú, ẹyọ méjì ni wọ́n sábà máa ń fún pọ̀ sínú irin mẹkáníìkì.

Wọ́n tún ń mú kọ́bọ̀ 1991 tó funfun wá, pé wọ́n gbàgbé bàbà rẹ̀. Irin ni inú rẹ̀, bàbà ni wọ́n fi bò ó. Ásíìdì lè bó bàbà yẹn, ojú rẹ̀ á wá rí ṣákaṣàka, lẹ́tà á tínrín.

Kọ́bọ̀ 1936 tó ní orúkọ Ọba Edward VIII, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi dẹ́rù bà yín. Lóòótọ́ ni ọba náà fi ìtẹ́ sílẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn, ṣùgbọ́n kì í ṣe àṣìṣe. Wọ́n dìídì ṣe é fún Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni, a sì ná an.

Ẹ gbé èyí tí wọ́n bá mú wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ irú rẹ̀ tí kò lábùkù. Ẹ wọ̀n ọ́n lórí ìwọ̀n alágbẹ̀dẹ wúrà kí ẹ tó na owó sílẹ̀. Tí ẹ bá sì ní ọ̀kan nílé, ẹ má fi yanrìn tàbí òroǹbó fọ̀ ọ́ o: fífọ̀ ń já iye rẹ̀ wálẹ̀. Ẹ mú un wá sí ìpàdé bó ṣe wà, ká jọ wò ó.