Ibo Ni Ọta Há Sí?

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ ṣì máa rántí ohun tí mo máa ń sọ: ẹ kọ́kọ́ béèrè ibi tí nǹkan ti dúró, kẹ́ ẹ tó béèrè ìdí tó fi dúró. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún ìbọn pọ́ńpù, irú Remington 870 ilẹ̀ Amẹ́ríkà.

Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ kọ ẹnu ìbọn síbi tí kò séèyàn, ẹ kó gbogbo ọta jáde, ẹ wo inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ìbọn tó há ṣì lè pànìyàn. Ọta oníke tí kò ní ẹ̀tù ni kẹ́ ẹ fi dán an wò.

Bí ọta kò bá jáde rárá nínú ọ̀pá ìsàlẹ̀ tí a ń tò ó sí, sípíríǹgì ibẹ̀ lè ti rọ̀, tàbí kí ọ̀pá náà ti dípatà. Bó bá jáde tí kò gòkè, ẹ wo irin tó ń gbé e sókè. Bó bá gòkè tó wá kọlu òkú ọta tí kò tíì jáde, ẹjọ́ ìwọlé kọ́ nìyẹn mọ́: ẹ wo ìdọ̀tí inú ọ̀pá òkè àti èékánná irin tó ń fa òkú ọta jáde.

Àmọ́ o, nígbà mìíràn ọwọ́ wa ló lẹ́jọ́: a kò fa ìdìmú dé ẹ̀yìn pátápátá. Ẹ fà á dópin kẹ́ ẹ tó dá irin lẹ́bi. Bó bá ṣì ń há, ẹ gbé e lọ fún ẹni tó mọṣẹ́ ìbọn.