Ohùn Kẹfà Tó Wálẹ̀ Díẹ̀

Nígbà tí àwọn akọrin láti Ìkirè àti Apòmù pàdé wa fún ìdánrawò ní Aṣẹ́jìrẹ́, ọ̀rọ̀ kan fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ìjà sílẹ̀. Ní “Àmín” tó kẹ́yìn orin, ọmọkùnrin tó ń tẹ dùùrù mú ohùn kan wá tí ó ṣàjèjì. Àwọn áńtò di “la” mú, kò bá ti dùùrù mu rárá. Ìyá kan ní, “Ọmọ mi, o ṣì í tẹ̀!” Àwa náà rò bẹ́ẹ̀.

Kò ṣì í. Ẹ ka kíì dùùrù, funfun àti dúdú, lọ́kọ̀ọ̀kan láti “dò” dé “dò” òkè: ìṣísẹ̀ méjìlá ni. Bí a ti mọ̀ ọ́n, “la” fi ìṣísẹ̀ méjì ga ju “sọ” lọ. Ohun tí ọmọ yìí ṣe ni pé ó fa “la” nìkan wálẹ̀ ní ìṣísẹ̀ kan, ó di “lọ” (kì í ṣe lọ ti ìrìn o). Bí “dò” bá jẹ́ C, A flat ni ẹ ó tẹ̀ dípò A. Àwọn olùkọ́ orin ń pè é ní harmonic major. Rimsky-Korsakov ará Rọ́ṣíà kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé ẹ̀kọ́ rẹ̀. Nínú harmonic minor, “mi” pẹ̀lú ń wálẹ̀, orin a sì fajú ro. Níhìn-ín “mi” dúró gbọn-in. Ayọ̀ ṣì wà, ṣùgbọ́n omi lé ròrò sójú rẹ̀.

Láti “lọ” dé “ti” wá di ìṣísẹ̀ mẹ́ta, ó jìnnà fún ọ̀fun. Ìdí nìyí tí “lọ” fi máa ń fẹ́ sọ̀kalẹ̀ sórí “sọ” tó wà nítòsí rẹ̀.

Àṣìṣe gan-an wà níbòmíràn. T. K. E. Phillips, tó tẹ dùùrù ní Cathedral Church of Christ, Marina, Èkó, láti 1914 sí 1962, sọ̀rọ̀ nínú ìwé rẹ̀, Yoruba Music, ti 1953, lórí bí orin ṣe yẹ kó bá ohùn ọ̀rọ̀ ẹnu wa mu. “Àmín” ń gòkè; “lọ” sí “sọ” ń sọ̀kalẹ̀. Wọn kò lè rẹ́.

A bá gbé e kúrò níbẹ̀, a fi í sí “Olúwa”: O ní “fa”, lú ní “lọ”, wa ní “sọ”. Ó bọ́ sí i rẹ́gí. Ìyá yẹn ló kọ́kọ́ mú un, òun náà ló ní ká tún un kọ, a sì ń kọ ọ́ títí ẹni tó lọ ra dòdò Ìkirè fi dé.