Ẹ̀rọ Agolo Tí Ń Jó Fúnra Rẹ̀

Àwọn ọmọ Ìlọrin a máa fi agolo mílíìkì ṣe ọkọ̀ tí wọ́n ń fi okùn wọ́ kiri. Èyí tí a óò bá wọn ṣe lónìí kò nílò okùn rárá.

Ẹ tú ẹ̀rọ kékeré inú ọkọ̀ ìṣeré olókùúta tọ́ọ̀ṣì tí ó ti bàjẹ́ jáde. Ẹ fi róbà dì í mọ́ orí agolo, kí irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí ń yí yọ sóde. Ẹ de bíró mẹ́ta mọ́ agolo bí ẹsẹ̀. Òkúta tọ́ọ̀ṣì méjì, fólítì 3, ti tó. (Iná ilé kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí o!) Kí wáyà tí ó hòòhò má ṣe kan agolo, kí òkúta má baà gbóná.

Ó ku kọ́ọ̀kì tí a óò gún mọ́ irin náà. Ibí yìí gan-an ni iṣẹ́ olùkọ́ wà. Ọ̀pọ̀ ọmọ yóò gún un láàárín gbùngbùn. Wọn kò kúkú ṣìnà: àárín náà ni ihò amọ̀ róbótó ìdí kẹ̀kẹ́ ìrànwú máa ń wà, kí ó lè yí láìgbọ̀n. Ẹ̀rọ yóò kùn bí oyin, ṣùgbọ́n agolo kò ní kúrò lójú kan. Ẹ má yára tún un ṣe. Olùkọ́ tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ti já ẹ̀kọ́ gbà lọ́wọ́ ọmọ. Ẹ jẹ́ kí ó fúnra rẹ̀ tún kọ́ọ̀kì gún létí, kí ó sì ki ìṣó kékeré bọ apá tí ó gùn jù. Ìwúwo yóò wá pọ̀ sí apá kan. Bí ó ti ń yí ni yóò máa fa agolo síhìn-ín sọ́hùn-ún, tí ẹsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò máa ta kiri ilẹ̀. Ọgbọ́n kan náà ni ó ń mú ọ̀pọ̀ fóònù gbọ̀n nínú àpò.

Bí ọmọ bá béèrè ìdí tí kọ́ọ̀kì fi ń yí sí ọwọ́ kan ṣoṣo, ẹ ní kí ó pààrọ̀ ojú wáyà méjèèjì lára òkúta, kí ó wò ó.