Ọjà alùpùpù kò parí síbi tí owó ti parí

Ní Lèma, ọ̀kan nínú àwọn agbègbè mẹ́wàá tí ó para pọ̀ di kọ́múnù Dassa-Zoumè, alùpùpù ti kúrò ní ohun afẹ́. Òun ni ó ń kó iṣu àti gbágùúdá kúrò lóko. Òun ni ó ń gbé aboyún lọ sí ilé ìwòsàn lóru. Òun náà ni ó ń gbé oníṣòwò lọ sí ọjà Glazoué ní Ọjọ́rú. Ibi tí mọ́tò kò lè gbà láàárín òkè sí òkè nítorí òkúta àti ẹrẹ̀, alùpùpù ń gbà á. Nínú ọ̀pọ̀ ilé, bí a bá mú ilẹ̀ àti ilé kúrò, kò sí ohun ìní mìíràn tí ó níye lórí tó o. Síbẹ̀, bí a bá béèrè pé orúkọ ta ni ó wà nínú ìwé alùpùpù kan, kì í ṣe ìgbà gbogbo ni a ó gbọ́ orúkọ ẹni tí ó jókòó lórí rẹ̀.

Ìwé tí a ń sọ yìí ni gbogbo ènìyàn mọ̀ sí « carte grise ». Ilé iṣẹ́ ìjọba tí ń jẹ́ ANaTT, èyí tí ń bójú tó ìrìnnà orí ilẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Benin, ni ó ń ṣe é. Àwọn tí ó dàgbà díẹ̀ yóò rántí pé CNSR ni ó ń ṣe iṣẹ́ yìí tẹ́lẹ̀. Ìwé náà kò ju pépà kékeré kan lọ, ṣùgbọ́n ohun tí ó ń sọ wúwo: alùpùpù báyìí, tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ báyìí, ti ẹni báyìí ni. Ẹni tí ó bá san owó tán tí kò yí orúkọ inú ìwé padà, irin ni ó rà. Lójú ìjọba, alùpùpù náà ṣì wà lọ́wọ́ ẹni tí ó tà á.

Nọ́ńbà dúró fún orúkọ

Àwọn kan rò pé ìjọba dá nọ́ńbà ọkọ̀ sílẹ̀ kìkì láti gba owó. Owó wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ ọdún 1893, ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá ìlú Paris pàṣẹ pé kí ọkọ̀ tí ń fi ẹ̀rọ rìn gbé pátákó irin kan, kí wọ́n kọ orúkọ àti ibùgbé olówó rẹ̀ sí i lára. Ìdí rẹ̀ yé ni: bí ọkọ̀ bá kọlu ènìyàn tí ó sì sá lọ, kí a lè mọ ilé ẹni tí a ó lọ. Nígbà tí ọkọ̀ pọ̀, nọ́ńbà gba ipò orúkọ lára pátákó, orúkọ sì lọ jókòó sínú ìwé àkọsílẹ̀ ìjọba.

Bẹ́ẹ̀ náà ni pátákó tí ó parí sí RB, ìyẹn République du Bénin, lórí alùpùpù wa lónìí. Nọ́ńbà náà kò wúlò fúnra rẹ̀. Orúkọ tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ nínú ìwé àkọsílẹ̀ ni ó fún un ní agbára. Bí orúkọ náà bá jẹ́ ti ẹlòmíràn, agbára yẹn di ti ẹlòmíràn.

Bí orúkọ ṣe ń sọnù lójú ọ̀nà

Ẹ jẹ́ kí á wo bí ọjà ṣe máa ń lọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan fẹ́ ra alùpùpù àlòkù. Ó béèrè pé: « Ẹ̀gbọ́n, ìwé rẹ̀ ńkọ́? » Ẹni tí ń tà á dáhùn pé: « Àbúrò, ṣé ìwé ni o fẹ́ gùn lọ sóko ni? » Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, owó kúrò lápò kan bọ́ sí òmíràn, kọ́kọ́rọ́ sì yí ọwọ́ padà. Bí ìwé bá tilẹ̀ wà, ó gbà á bí ó ti wà, pẹ̀lú orúkọ ẹni àkọ́kọ́ nínú rẹ̀. Lẹ́yìn ọdún méjì, òun náà tà á fún ẹlòmíràn. Ẹni kẹta tà á fún ẹni kẹrin. Nígbà tí ẹni kẹrin bá wá fẹ́ ṣe ìwé, ẹni àkọ́kọ́ lè ti lọ ṣiṣẹ́ oko ní Nàìjíríà, ó sì lè ti kú. Ta ni yóò wá fọwọ́ sí i pé òun tà á?

Níwọ̀n ìgbà tí alùpùpù bá ń rìn láàárín Lèma àti oko, kò sí ẹni tí yóò rí àléébù nínú èyí. Ọjọ́ tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ ni àléébù náà yóò hàn.

Ohun àkọ́kọ́ tí ó lè ṣẹlẹ̀ ni olè. Láti ọdún 2018 tí ọlọ́pàá àti ṣọ́jà aṣọ́lùú ti di ẹgbẹ́ kan ṣoṣo lábẹ́ orúkọ Police Républicaine, ọ̀dọ̀ wọn ni a ń fi ẹjọ́ sùn. Ohun tí wọn yóò kọ́kọ́ béèrè ni ìwé. Bí wọ́n bá tilẹ̀ rí alùpùpù náà gbà, ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ni ọ̀nà rẹ̀ tọ́ láti gbà á. Ẹni tí kò ní orúkọ níbẹ̀ yóò wá ẹlẹ́rìí títí, ó sì lè pàdánù rẹ̀.

Èkejì ni ìjàm̀bá. Òfin CIMA, tí àdéhùn rẹ̀ di fífọwọ́ sí ní Yaoundé ní ọjọ́ 10 oṣù keje ọdún 1992, tí Benin sì wà nínú rẹ̀, sọ ọ́ di dandan kí ọkọ̀ orí ilẹ̀ tí ń fi ẹ̀rọ rìn ní « assurance ». Ìwé assurance ń sọ ọkọ̀ tí òun ń dáàbò bò pẹ̀lú nọ́ńbà rẹ̀. Bí nọ́ńbà kò bá sí, tàbí tí èyí tí ó wà nínú ìwé kò bá ti alùpùpù náà mu, àríyànjiyàn yóò wà, ẹni tí ó ṣẹ́ lẹ́sẹ̀ ni yóò sì máa dúró. Fún àwọn tí ń kọjá ibodè lọ kí ẹbí ní Nàìjíríà tàbí Togo, ọ̀rọ̀ náà tún gùn sí i: ìwé assurance aláwọ̀ ilẹ̀ ti CEDEAO, tí wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn rẹ̀ ní Cotonou níbí ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 1982, kò lè tẹ̀lé ọkọ̀ tí kò ní orúkọ.

Ẹ̀kẹta kan ẹni tí ó tà á. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ewu náà wà lórí olùrà nìkan. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ẹni tí ó rà á bá kọlu ọmọdé kan ní oríta Dassa, níbi tí ọ̀nà Parakou àti ọ̀nà Savalou ti pínyà, tí ó sì sá lọ, nọ́ńbà yóò mú àwọn ọlọ́pàá wá sí ẹnu ọ̀nà ẹni tí ó ti gbàgbé pé òun ní alùpùpù rí. Ìwé títà tí ó ní ọjọ́ nìkan ni ó lè gbà á sílẹ̀.

Ẹ̀kẹrin ni ikú. Nígbà tí baálé ilé bá kú, àwọn ọmọ rẹ̀ á jókòó láti pín ohun ìní. Bí ìwé alùpùpù bá jẹ́ orúkọ bàbá wọn, ọ̀nà wà, bí ó tilẹ̀ lè gba ìwé ìpàdé ẹbí àti ti ilé ẹjọ́. Bí ó bá jẹ́ orúkọ àjèjì tí kò sí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n nínú ilé, kò sí ẹni tí ó lè fi ẹ̀tọ́ tà á, ibẹ̀ ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Olówó pọ́ọ́kú àti ìwé aṣọ́bodè

Alùpùpù kan wà tí ìwé rẹ̀ kò lè ṣe rárá: èyí tí ó wọ ìlú láìsan owó ibodè. Kí ANaTT tó forúkọ ọkọ̀ tí ó ti òkèèrè wá sílẹ̀, ó gbọ́dọ̀ rí ìwé tí ó fi hàn pé olówó rẹ̀ ti yanjú ọ̀rọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú àwọn aṣọ́bodè. Ọ̀nà igbó láti Nàìjíríà pọ̀, alùpùpù tí ó gba ibẹ̀ wọlé a sì máa pọ́ọ́kú ju ti ilé ìtajà lọ. Ẹni tí ó rà á kò jèrè bí ó ti rò. Gbèsè ibodè tí ẹni àkọ́kọ́ kò san ti tẹ̀lé e dé ilé, òun ni yóò sì san án ní ọjọ́ tí ó bá fẹ́ ṣe ìwé. Ẹni tí ó ra tuntun ní ilé ìtajà pàápàá gbọ́dọ̀ gba ìwé ibodè àti ìwé ìsanwó kí ó tó kúrò níbẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ìwé tí a kò gbà lọ́jọ́ kìíní ṣòro láti rí.

Àmì 17 tí gbogbo olówó gbọ́dọ̀ lè kà

Ìwé náà wà ní èdè Faransé, èyí sì ń dẹ́rù ba ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ó mọ ìwé Yorùbá kà. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ṣe pàtàkì jù nínú rẹ̀ kò ní èdè. Nọ́ńbà férémù ni, tí wọ́n gbẹ́ sára irin, lọ́pọ̀ ìgbà ní ọrùn alùpùpù lábẹ́ ọwọ́ tí a fi ń darí rẹ̀. Lórí ọkọ̀ tí wọ́n ṣe ní ìlànà àgbáyé, àmì 17 ni, létà àti nọ́ńbà pọ̀. Ẹni tí ó bá mọ ABD àti nọ́ńbà lè kà á.

Létà àkọ́kọ́ ń sọ ibi tí ọkọ̀ ti wá: L ni ti Ṣáínà, J ni ti Jàpáànù, ti Íńdíà sì ń bẹ̀rẹ̀ láti MA dé ME. Létà mẹ́ta kì í sí nínú rẹ̀ rárá: I, O àti Q, nítorí pé wọ́n jọ 1 àti 0 jù. Nítorí náà, bí ẹ bá rí ohun tí ó jọ O nínú nọ́ńbà náà, òdo ni. Bí ẹnìkan bá kọ O sínú ìwé, ó ti ṣì í kọ, àṣìkọ létà kan sì tó láti mú kí ìwé àti irin máa tako ara wọn.

Kí ẹ tó san owó, ẹ fi omi nu ọrùn férémù, kí ẹ ka àmì náà lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹnìkejì sì máa wo ìwé. Bí irin ibẹ̀ bá ti jẹ́ gígé, tí létà kan ga ju èkejì lọ, tàbí tí àmì kan kò bá tọ́, ẹ dá owó padà sápò.

Orúkọ ènìyàn náà ní ìṣòro tirẹ̀. Àjàyí kan náà lè jẹ́ Adjaï nínú ìwé ìbí, Adjayi nínú ìwé ìdánimọ̀, kí ó sì tún di Ajayi lọ́wọ́ akọ̀wé mìíràn. Lẹ́nu wa, ẹnìkan ni. Lójú ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà, ènìyàn mẹ́ta ni. Láti ìgbà ìkànìyàn RAVIP, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kọkànlá ọdún 2017, nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí a ń pè ní NPI ti ń mú kí ó rọrùn láti mọ ẹni tí ó ni orúkọ. Síbẹ̀, kí olúkúlùkù gbé ìwé ìdánimọ̀ rẹ̀ lé orí tábìlì nígbà tí akọ̀wé bá ń kọ orúkọ rẹ̀, kí ó sì ka ohun tí wọ́n kọ kí ó tó fọwọ́ sí i.

Ohun tí a ó ṣe ní ọjọ́ ọjà

Kí olùtà àti olùrà kọ ìwé títà, ohun tí wọ́n ń pè ní « convention de vente ». Kí orúkọ àwọn méjèèjì, nọ́ńbà ọkọ̀, nọ́ńbà férémù, iye owó àti ọjọ́ wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú ẹlẹ́rìí. Kí wọ́n gbé e lọ sí ọ́fíìsì ìjọba fún òǹtẹ̀. Kí olùtà fún olùrà ní carte grise gan-an, kí ó sì fi ẹ̀dà ìwé títà pamọ́ sílé. Lẹ́yìn náà ni olùrà yóò lọ ṣe « mutation » ní ANaTT, ìyẹn ni pé kí orúkọ tirẹ̀ rọ́pò ti ẹni àtijọ́. Iye owó àti àwọn ìwé tí wọ́n ń béèrè lè yí padà, nítorí náà ó dára kí a béèrè kí a tó rin ìrìn àjò. Apá kan iṣẹ́ náà ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Àwọn ará Lèma ní ìdí tí wọ́n fi ń fà sẹ́yìn, ìdí náà kì í ṣe ọ̀lẹ. Ìrìn àjò náà ń jẹ ọjọ́ iṣẹ́, owó ìwé wúwo lọ́wọ́ àgbẹ̀ nígbà tí irè kò tíì jáde, èdè orí ìwé sì ń mú kí àwọn alágbàṣe rí ọ̀nà gba ju iye tí ó yẹ lọ. Ẹ̀bi náà kì í ṣe ti ará abúlé nìkan. Ṣùgbọ́n apá kan wà tí ó wà ní ìkáwọ́ wa. Bí ènìyàn márùn-ún bá para pọ̀ rán ẹnìkan tí ó mọ̀wé lọ ṣèwádìí, owó ọ̀nà yóò dín kù. Bí olùkọ́ kíláàsì àgbà bá gbé carte grise sórí pátákó gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ kíkà, nínú ọ̀sẹ̀ kan gbogbo kíláàsì yóò mọ ibi tí orúkọ wà, ibi tí nọ́ńbà wà àti ibi tí ọdún wà. Ẹni tí ó lè ka ìwé rẹ̀ fúnra rẹ̀ kò ní san owó fún ẹni tí yóò kà á fún un.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ mú ìwé alùpùpù yín jáde lónìí. Ẹ wo orúkọ tí ó wà nínú rẹ̀. Bí kì í bá ṣe tiyín, tí ẹni tí ó tà á fún yín bá sì ṣì wà láàyè nítòsí, ẹ lọ bá a kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìbuwọ́lùwé rẹ̀ wà ní àrọ́wọ́tó lónìí. Tí ó bá rìn jìnnà tàbí tí ó bá kú, kò sí owó tí ó lè rà á.