Ṣòkòtò Tí Kò Ní Dójú Ti Ni Lórí Àpáta

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni àwọn ilé-ẹ̀kọ́ agbègbè Ìjẹ̀bú-Igbó máa ń kó ọmọ lọ wo ibi àrà. Bí ọ̀gá kan kò bá kó tirẹ̀ lọ sí Olúmọ ní Abẹ́òkúta, yóò kó wọn lọ sí Òkè Ìdànrè ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Kí ọjọ́ tó pé, bàbá ti san owó ọkọ̀, ìyá ti ra bisikíìtì, ṣùgbọ́n ẹni tí yóò béèrè irú ṣòkòtò tí ọmọ yóò wọ̀ gun àpáta kò wọ́pọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta aṣọ lọ́jà, àti ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin gan-an ni mo fẹ́ bá sọ ọ̀rọ̀ yìí.

Àwa ará Atíkòrí, ará igbó ni wá. A kò ní àpáta ńlá tí ọmọdé lè máa gùn ṣeré. Ẹni tí a mọ̀ tí ń gun nǹkan láàrin wa ni akọ̀pẹ. Ẹ wo ṣòkòtò rẹ̀ dáadáa nígbà tí ó bá gbé igbà kọ́ èjìká. Kì í gùn dé kókósẹ̀, kì í há a ní itan, ìdí rẹ̀ sì láyè tó bẹ́ẹ̀ tí ẹsẹ̀ kan lè wà lókè kí èkejì wà nísàlẹ̀ láìjẹ́ pé aṣọ ń fà á. Kò kọ́ ọ nínú ìwé kankan. Ó mọ̀ pé bí aṣọ bá di òun lẹ́sẹ̀ mú lórí ọ̀pẹ, ilẹ̀ ni òun yóò bá ara òun.

Ní ọjọ́ kan tí a kó àwọn ọmọ lọ sí Olúmọ, ọmọkùnrin kan wà láàrin wọn tí ó wọ jíǹsì tí ó lẹ̀ mọ́ ọn lára bí awọ ìlù. Nígbà tí a dé ibi tóóró kan láàrin àpáta, níbi tí ó yẹ kí ó gbé orúnkún sókè dáadáa, ẹsẹ̀ kò gbé. Ó fi agídí gbé e. Gbogbo wa ni a gbọ́ “fàà!” Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn, ṣùgbọ́n èmi kò rẹ́rìn-ín, nítorí ọwọ́ tí ó fi di àpáta mú ni ó sáré fi bo ìdí. Bí kì í bá ṣe pé olùkọ́ kan wà lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀rọ̀ ìbá ju ti ẹ̀rín lọ.

Kí ló fà á? Ojú ìránṣọ mẹ́rin ni ó máa ń pàdé lábẹ́ ìdí ṣòkòtò. Bí ènìyàn bá gbé itan sókè, ojú kan náà ni gbogbo fífà náà ń bọ́ sí, ibẹ̀ ni ó sì máa ń kọ́kọ́ ya. Oògùn rẹ̀ kò le: kí télọ̀ gé awẹ́ aṣọ kékeré onígun mẹ́rin, kí ó fi sí àárín ẹsẹ̀ méjèèjì, kí ojú ìránṣọ má baà pàdé síbì kan. Ní ọdún 1982, ará Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ Mike Graham, tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ agun-àpáta, dá ilé-iṣẹ́ Gramicci sílẹ̀ ní California. Ṣòkòtò tí ó ní irú awẹ́ yìí, tí ìgbànú sì ti wà lára rẹ̀, ni ó fi di olókìkí. Áà, ohun tí a ń wá lọ sí Sókótó, inú àpò ṣòkòtò ni ó wà! Kẹ̀ǹbẹ̀ àwọn baba wa ti láyè ní ìdí tipẹ́tipẹ́, ó sì ní okùn tí ènìyàn fi ń so ó mọ́ ìbàdí bí ó ti fẹ́. N kò sọ pé kí ẹ wọ kẹ̀ǹbẹ̀ lọ sí Ìdànrè o. Aṣọ rẹ̀ pọ̀ jù, yóò máa kọ́ ẹ̀ka igi àti igun òkúta. Àyè ìdí kẹ̀ǹbẹ̀, ẹsẹ̀ tí ó sún mọ́ ti ṣóóró: ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún télọ̀ yín, yóò yé e.

Ní ti irú aṣọ, gíránáìtì ni àpáta Olúmọ àti ti Ìdànrè. Ó ń họ aṣọ bí ọlọ ti ń lọ ata, pàápàá nígbà tí àwọn ọmọ bá ń fi ìdí wọ́ sọ̀kalẹ̀. Jíǹsì lágbára, kò sí àní-àní. Ní ọdún 1873 ni télọ̀ kan, Jacob Davis, pẹ̀lú oníṣòwò Levi Strauss, gba ìwé àṣẹ ní Amẹ́ríkà láti máa kan irin bàbà kéékèèké mọ́ ibi tí ṣòkòtò àwọn òṣìṣẹ́ ti máa ń ya. Ṣùgbọ́n jíǹsì tó nípọn a máa mu òógùn àti òjò bíi kànìnkànìn, a máa wúwo, kì í sì í tètè gbẹ. Kakí ni èmi fẹ́ràn jù. Bí ẹ bá rí èyí tí wọ́n po náílọ́ọ̀nù díẹ̀ mọ́ òwú rẹ̀, ó tún sàn, nítorí ó tètè ń gbẹ. Èyí tí ń fà bíi rọ́bà ń fún ẹsẹ̀ láyè, ṣùgbọ́n bí ó bá fẹ́lẹ́, àpáta yóò jẹ ẹ́ ní orúnkún kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ẹni tí owó rẹ̀ kò tó ti télọ̀, kí ó lọ sọ́dọ̀ àwọn oníbọ́síkọ̀rọ̀. Ojúlówó ṣòkòtò pọ̀ níbẹ̀ ju bí àwọn onígbéraga ti rò lọ. Kí ó nà án sókè sí ìmọ́lẹ̀ kí ó wo ìdí àti orúnkún. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ń yọ níbẹ̀, kí ó dá a padà. Kí ó fi ọwọ́ méjèèjì fa ojú ìránṣọ wò, bóyá wọ́n rán an lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà kí ó wọ̀ ọ́, kí ó lóṣòó, kí ó sì gbé ẹsẹ̀ kan lé orí àpótí ìjókòó. Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ń tà á, ẹ má bínú sí oníbàárà tí ó bá lóṣòó níwájú ìsọ̀ yín. Ìṣẹ́tí rẹ̀ kò gbọdọ̀ kọjá kókósẹ̀, nítorí ṣòkòtò tí ń wọ́lẹ̀ ni ẹlòmíràn ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ tí ó fi ń ṣubú.

Ọ̀rọ̀ tí ó máa ń dá ìjà sílẹ̀ níbi ìpàdé òbí àti olùkọ́ ni ti àwọn ọmọbìnrin. Ṣé kí wọ́n wọ ṣòkòtò ni? Àwọn kan ní kò bá ẹ̀sìn mu. Ìyá kan tilẹ̀ bi mí pé, ṣé kì í ṣe ìró ni àwọn obìnrin Ìdànrè ró, tí wọ́n fi ń ru ẹrù gòkè sọ̀kalẹ̀, kí ìlú wọn tó ṣí wá sí ìsàlẹ̀ ní ọ̀rúndún tó kọjá? Ìbéèrè gidi ni. Mo dá a lóhùn pé inú àpáta ni a bí àwọn yẹn sí, ẹsẹ̀ wọn mọ gbogbo kọ̀rọ̀ rẹ̀. Ọmọ Atíkòrí tí yóò kojú àtẹ̀gùn tí ó ju 600 lọ lọ́jọ́ kan ṣoṣo kò lè máa fi ọwọ́ kan di ìṣẹ́tí aṣọ mú kí ó tún máa fi ìkejì wá ibi dídìmú. Ẹni tí kò bá fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ wọ ṣòkòtò gígùn, kí ó rán pénpé tó láyè fún un, kí ó wọ gáùn tí kò gùn ju orúnkún lé e lórí. Ohùn èmi tilẹ̀ ni pé kí wọ́n wọ ṣòkòtò, kí ọwọ́ wọn méjèèjì lè ráyè.

Kí ọjọ́ ìrìn àjò tó ku ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ ti fọ ṣòkòtò náà lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì sá a gbẹ, nítorí kakí tuntun a máa sún kì. Bí ó bá há ọmọ lẹ́yìn fífọ̀, àyè ṣì wà láti dá a padà fún télọ̀.