Ìgbàgbé àti Ọkàn Tí Kò Dúró Sójú Kan

Láti oṣù kẹsàn-án títí wọ inú ọyẹ́ ni àwọn àgbẹ̀ Ọ̀dà, lẹ́bàá Àkúrẹ́, ń kórè kòkó. A ó fọ́ ọ, a ó fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bo èso rẹ̀, a ó sì fi í sílẹ̀ bí ọjọ́ 6 kí ó lè gbóná kí omi rẹ̀ sì ro. Ní ọjọ́ kejì àti ní ọjọ́ kẹrin, a níláti rú u kí ti òkè lè lọ sí ìsàlẹ̀. Ẹni tí ó bá gbàgbé láti rú u, apá kan lè bu. Bí ó bá sì gbàgbé láti kó o síta sá, yóò dúdú, òórùn rẹ̀ yóò sì lé oníbàárà sẹ́yìn.

Irú olóko bẹ́ẹ̀ lè má ya ọ̀lẹ rárá. Ó jáde láti lọ rú kòkó. Ó rí ẹ̀ka igi tí ó wó dí ọ̀nà, ó ń gé e. Àdá kú, ó wá òkúta ìpọ́nàdá lọ sí ahéré ẹnìkejì. Ọ̀rọ̀ sì dá a jókòó síbẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Iyè ènìyàn dàbí àtẹ́lẹwọ́: ohun díẹ̀ ni ó lè dì mú lẹ́ẹ̀kan náà. Àárẹ̀, àìsùn tó, ìbànújẹ́ àti ọtí a sì máa dín agbára rẹ̀ kù. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí a bí i mọ́. Ní ọdún 1902, oníṣègùn kan ní Lọ́ńdọ̀nù, George Still, ṣàlàyé fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nípa àwọn ọmọ tí òye wọn kò dín, ṣùgbọ́n tí ọkàn wọn kì í dúró sójú kan. A ti mọ̀ nísinsìnyí pé irú èyí a máa bá ìdílé rìn, a sì máa bá ẹlòmíràn dàgbà. Nítorí náà, ọmọ tí a rán ní iyọ̀ tí ó mú ìrèké bọ̀ kì í ṣe olóríburúkú, kò sì sí ìdí láti wá àjẹ́ kiri àdúgbò. Pàṣán kò lè kọ́ ọ ní ìrántí. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni kí a rán an lẹ́ẹ̀kan, kí ó sì tún un sọ kí ó tó lọ.

Àwọn àgbà pàápàá kò gbẹ́kẹ̀lé orí nìkan. Ẹni tí kò mọ̀wé a máa fi èédú fa ìlà sára ògiri láti ka gbèsè. Bákan náà, igi kéékèèké 6 tí a rì mọ́lẹ̀ lẹ́bàá kòkó, tí a ń fa ọ̀kan tu ní àràárọ̀, yóò sọ ọjọ́ tí ó kù. Kí àdá àti kọ́kọ́rọ́ sì ní ibi kan tí a kì í yí padà.

Ti oògùn ló ṣe pàtàkì jù. Oògùn ibà artemether-lumefantrine jẹ́ ìgbà 6 ní ọjọ́ 3: èkejì ní wákàtí 8 lẹ́yìn àkọ́kọ́, ìyókù ní àárọ̀ àti ní alẹ́. Bí ara bá ti fúyẹ́ ní ọjọ́ kejì ni ìyókù ń di ohun ìgbàgbé lábẹ́ ìrọ̀rí, ibà náà sì lè padà. Kí a fa ìlà 6 sára páálí rẹ̀, kí a máa pa ọ̀kan rẹ́ nígbàkúùgbà tí a bá lò ó.

Ìgbàgbé tí ó dé lójijì yàtọ̀ sí gbogbo èyí. Bí ẹni tí ibà mú bá ń sọ ìsọkúsọ, tàbí tí ẹni tí ó ṣubú láti orí igi kò bá mọ ilé rẹ̀ mọ́, ilé ìwòsàn ni kí a gbé e lọ lójú ẹsẹ̀, kí a má dúró de ilẹ̀ mọ́.